Ọkọ̀ Ìmúròde, Ọkọ̀ Iṣẹ́: Ìdí tí Ẹni Tó Fẹ́ràn Ìjàpá fi Gbọ́dọ̀ Ní Ọkọ̀ Kejì

Inú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi ni ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí ti jáde. Èdè àwọn mẹkáníìkì ní ìlú Ìbàdàn ni mo ń kó jọ: orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀yà ara ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ àìsàn ọkọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ń lọ tí mo ń bọ̀ ní ọgbà wọn, mo ṣàkíyèsí ohun kan tí kò sí nínú àbá iṣẹ́ mi. Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń gbé ọkọ̀ àtijọ́ wá pín sí. Bí ọ̀gá bá sọ pé iṣẹ́ náà yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Ẹ fara balẹ̀ ṣe é." Àwọn kejì á fọwọ́ lérí, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé owó ló fa ìyàtọ̀ náà. Nígbà tó yá, mo rí i pé àwọn àkọ́kọ́ ní ọkọ̀ mìíràn nílé, àwọn kejì kò sì ní.

Mo mọ̀ pé kò sí ọdún kan tí ẹnìkan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa kì í ra Ìjàpá tàbí Peugeot 504 ní kété tí owó oṣù bá ti ń wọlé déédéé. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ nílò ọkọ̀ kejì tó ṣeé fi ṣiṣẹ́ òòjọ́, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ lè pẹ́, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ náà sì lè pẹ́. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ yóò ràn wá lọ́wọ́ láti rí ìdí rẹ̀.

Orúkọ tí a sọ ọkọ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, torí ibẹ̀ ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ti mọ̀ ọ́n rìn. Ọkọ̀ Volkswagen tí mo ń sọ yìí, kòkòrò ni àwọn ará Jámánì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ará Brazil ń pè é ní Fusca, èyí tó jáde láti inú bí wọ́n ṣe ń pe Volks lẹ́nu wọn. Àwa Yorùbá wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rógódó bí igbá ẹ̀yìn ahun, a sì pè é ní Ìjàpá. Orúkọ náà bá a mu ju ìrísí lọ. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1200 nínú wọn kò lè sáré ju nǹkan bí 115 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, bí ẹ tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀.

Ferdinand Porsche ló ya àwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tó ń tò ó ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry. Ní Mexico ni wọ́n ti to èyí tó kẹ́yìn pátápátá, ní oṣù keje ọdún 2003, lẹ́yìn tí iye rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 21 lọ káàkiri àgbáyé. Nítorí náà, Ìjàpá tó kéré jù láyé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹni ọdún 22. Púpọ̀ nínú èyí tí ẹ máa rí rà nílẹ̀ wa níbí lè bí mi lọ́mọ.

Orúkọ kejì tó kàn wá ni tòkunbọ̀. Ẹ̀yin tó ti ṣe ẹ̀kọ́ nípa ìpajẹ mọ̀ ọ́n: *ti òkun bọ̀*, fáwẹ́lì tó gbẹ̀yìn *ti* jẹ, ìró ohùn ìsàlẹ̀ orí *òkun* sì dúró sí àyè rẹ̀, ó di *tòkunbọ̀*. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun ni a kọ́kọ́ ń sọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, bí ẹnìkan bá ní òun ra tòkunbọ̀, kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ọmọ ta ni. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò lókè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni. Ẹ fi orúkọ yìí sí apá kan, a óò padà sórí rẹ̀.

Orúkọ kẹta kì í ṣe ti ọkọ̀ rárá, ti aṣọ ni: ìmúròde. Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún: *ì* + *mú* + *re* + *òde*. Aṣọ tí a ń mú re òde ni. Kò sí ilé Yorùbá kan tí wọn kì í ti í ya aṣọ ìmúròde sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ iṣẹ́. Bàbá tó ní ẹtù kì í wọ̀ ọ́ lọ kọ ebè. Bó bá wọ̀ ọ́ lọ, ẹ̀gún ò ní mọ̀ pé ẹtù ni. Ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ pé bàbá náà ń ṣe fáàrí torí pé ó ní aṣọ méjì. Èyí tó máa ya àwọn ará ilé lẹ́nu ni bó bá ní ẹtù tí kò ní aṣọ oko. Ọkọ̀ àtijọ́ ni ọkọ̀ ìmúròde. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju pé kí a ṣe sí i gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí aṣọ.

Iṣẹ́ tí "fi" ń ṣe

Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta yìí:

(1) Ó fi Ìjàpá lọ sí ibi iṣẹ́.
(2) Ó gbé Ìjàpá jáde lọ́jọ́ Sátidé.
(3) Ìjàpá náà gbọ́dọ̀ gbé e dé ibi iṣẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù.

Àwọn onígírámà ti jiyàn pẹ́ lórí *fi*, bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe ni nínú àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí nǹkan mìíràn. N kò fẹ́ dá sí i níbí. Ohun tí gbogbo wa gbà ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá tẹ̀lé *fi* nínú irú gbólóhùn (1) máa ń jẹ́ irinṣẹ́. A fi ọ̀bẹ gé ẹran, a fi kẹ̀kẹ́ rán aṣọ, a fi Ìjàpá lọ síbi iṣẹ́. Ẹran ló ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gé e, kì í ṣe ọ̀bẹ. Bí ọ̀bẹ bá kú, a ó wá òmíràn. Bákan náà ni ibi iṣẹ́ ló ṣe pàtàkì nínú (1).

Nínú (2), Ìjàpá ni àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an. Òun ni wọ́n gbé jáde, òun sì ni ìdí ìjáde náà. Kò sí ibi kan tí a gbọ́dọ̀ dé. Bó bá dákú lọ́nà, a ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, a ó wò ó, àwọn ọmọdé á pé jọ, ọjọ́ Sátidé kò ní bàjẹ́ torí rẹ̀.

Gbólóhùn (3) ni wàhálà. *Gbọ́dọ̀* ti wọ inú rẹ̀. Ìjàpá ti di olùwà, a sì ti di ẹrù ọ̀ranyàn lé e lórí. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ náà sì jẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, inú gbólóhùn (3) ló ń gbé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé torí gbólóhùn (2) ló ṣe ra ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ kejì ló ń yọ *gbọ́dọ̀* kúrò lọ́rùn ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí *gbọ́dọ̀* náà ń ṣe bó bá wà níbẹ̀.

Ohun tí ọkọ̀ àtijọ́ ń béèrè

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, kò sì ní omi. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí dáínámò tó ń fún bátìrì lágbára, orí ọ̀pá dáínámò yẹn kan náà sì ni fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì wà. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ti bátìrì nìkan ni, á ní òun yóò rọra fà á délé. Kò ní délé, torí ẹ́ńjìnnì kò rí afẹ́fẹ́ mọ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí jẹ́jẹ́ ni fáànù ń yí jẹ́jẹ́, oòrùn ọ̀sán sì ń ta sí i. Ọkọ̀ tó ń rìn ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí fún, kì í ṣe ọkọ̀ tó ń dúró wákàtí méjì lórí afárá.

Ọ́ìlì inú rẹ̀ jẹ́ lítà 2.5 péré. Kò ní fítà bíi ti ọkọ̀ òde òní, asẹ́ wáyà ló ní. Àṣà àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ni pé ní gbogbo 5,000 kìlómítà, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n á fọ asẹ́, wọ́n á wo àlàfo kọ́ńtáàtì, tó yẹ kó jẹ́ mìlímítà 0.4, wọ́n á sì wo àlàfo fáàfù, tó jẹ́ mìlímítà 0.15 lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí a tó wọn àlàfo fáàfù. Èyí ni pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú lọ́gbà mẹkáníìkì, tàbí kí ẹ fúnra yín ṣe é láàárọ̀ kí ẹ tó ṣáná sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká sọ pé 30 kìlómítà ni ilé yín sí ibi iṣẹ́. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 60, ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 300. Láàárín ọ̀sẹ̀ 17, ẹ ti rin 5,000 kìlómítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni gbogbo iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí yóò kàn yín, kí a tó sọ ti ohun tó bá bàjẹ́ lójijì. Ẹni tó ń gbé tirẹ̀ jáde fún 40 kìlómítà lópin ọ̀sẹ̀ kò ní rìn ju nǹkan bí 2,000 lọ lọ́dún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó o, ó sì lè yan ọjọ́ tó wù ú. Ọkọ̀ kan náà ni, ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni iye ìgbà tí a pè é níṣẹ́ àti ẹni tó mú ọjọ́.

Ohun tí ìkánjú ń fi ọkọ̀ ṣe

Nínú ọ̀rọ̀ tí mo gbà sílẹ̀ lọ́gbà mẹkáníìkì, ọ̀kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu oríṣiríṣi oníbàárà: "Ẹ ṣì bá mi mánéèjì ẹ̀." Bàbá kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú. Irin tó ń fa kábúrétọ̀ ti já. Ọ̀rọ̀ wọn lọ báyìí:

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so ó. Mo gbọ́dọ̀ dé Èkó láàárọ̀ ọ̀la."

"Dádì, mo lè so ó fún yín, àmọ́ okùn kì í ṣe páàtì o."

"Ẹ ṣáà so ó. Tí mo bá dé, màá ra òótọ́ ẹ̀."

Wọ́n so ó. Mo bi ọ̀gá léèrè lẹ́yìn tí bàbá náà lọ pé ṣé wọn yóò padà wá ra páàtì náà lóòótọ́. Ó ní, "Ìgbà tó bá tún já ni." Ó tún fi kún un pé ọ̀pọ̀ ohun tí òun máa ń bá lára ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ọjọ́ ogbó, okùn àwọn tó ti ń kánjú ṣáájú ni.

Bí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ń kú gan-an nìyẹn. Wáyà tí kì í ṣe ti ibẹ̀, kábúrétọ̀ ọkọ̀ mìíràn, ihò tí wọ́n lu sí ara rẹ̀ torí pé nǹkan kan kò bá a mu. Páàtì rẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn dáadáa ní Ládìípọ̀ lè rí i, ẹni tó bá sì ní sùúrù lè ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ohun tó ń bọ̀ láti òkè òkun lè gbà, ẹni tó sì gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ lọ́la kò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó bá wà nílẹ̀ ni yóò lò.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ oníbàárà kan ni mo sọ di ti gbogbo ayé, ẹ jẹ́ ká wo Kúbà, níbi tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ sí odidi orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1959 àti òfin tí Amẹ́ríkà fi ti ilẹ̀kùn káràkátà mọ́ wọn, ọkọ̀ Amẹ́ríkà àti páàtì rẹ̀ kò wọlé mọ́. Títí di ọdún 2011, àwọn ọkọ̀ tó ti wà nílùú ṣáájú ìyípadà náà nìkan ni aráàlú lè rà tàbí tà fún ara wọn láìgba àṣẹ. Wọ́n sọ àwọn ọkọ̀ náà ní *almendrón*, èyí tó túmọ̀ sí èso álímọ́ńdì ńlá, nítorí ìrísí wọn. Ẹ rí i pé ojú kan náà ni àwa àti wọn fi wo ọkọ̀. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò wọn pé wọ́n dára, wọ́n sì dára lóòótọ́. Àmọ́ bí ẹ bá ṣí iwájú púpọ̀ nínú wọn, ẹ́ńjìnnì dísù láti ara ọkọ̀ mìíràn, tàbí páàtì ọkọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ọgbọ́n àwọn mẹkáníìkì Kúbà kò láfiwé, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ náà gbé èrò láràárọ̀ ni, wọn kò sì ní òmíràn. Níbi tí ọkọ̀ àtijọ́ bá ti jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo, ara rẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ àtijọ́ bópẹ́ bóyá.

Ẹ̀mí tó wà nínú ọkọ̀

Títí di ibí yìí, ọkọ̀ ni mo ń gbèjà. Ó ku ènìyàn.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Ìjàpá ló jẹ́ pé ìjánu onílù ni ó wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ń mú, ṣùgbọ́n kò lè mú bíi ti Corolla tó wà níwájú yín. Bí ẹni iwájú bá tẹ ìjánu lójijì, òun yóò dúró, ẹ̀yin ṣì ń bọ̀. Kò sí àpò afẹ́fẹ́ kankan tí yóò wú gba àyà yín. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí bẹ́líìtì ìjókòó lẹ́yìn, níbi tí àwọn ọmọ máa ń jókòó sí. Iwájú ni táǹkì epo wà, lókè ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó, epo náà sì ń gba inú páìpù irin kọjá lábẹ́ ọkọ̀ kí rọ́bà tó gbé e lọ bá ẹ́ńjìnnì tó gbóná lẹ́yìn. Rọ́bà tó ti gbó máa ń sán. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ Ìjàpá fi máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀ rọ́bà epo kí wọ́n tó ra ọ̀dà, tí wọ́n sì ń gbé ohun ìpaná sínú rẹ̀.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ sítíárìn. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ tí wọ́n kó wọlé ṣáájú ìgbà náà, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹni tó bá wà nínú irú rẹ̀ lónìí, ẹ̀gbẹ́ koríko ló jókòó sí. Bó bá fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí kò pín sí méjì, odindi ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yọ jáde kí ojú òun tó rí ohun tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí ọ̀nà dá, ó lè ní sùúrù tẹ̀lé tírélà náà dé ìlú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti ń wo aago, ṣé yóò ní in?

*Gbọ́dọ̀* ló tún wà nídìí èyí náà. Ọkọ̀ àtijọ́ kò burú bí a bá yan ìgbà tí a ń wà á: ní ọ̀sán, láìsí òjò ńlá, lójú ọ̀nà tí a mọ̀, láìkánjú. Iṣẹ́ òòjọ́ kì í jẹ́ kí a yan ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àtakò mẹ́ta

Àkọ́kọ́: "Ṣebí Ìjàpá ni àwọn bàbá wa ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́?" Òótọ́ ni. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, gbogbo wọn ló lò ó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun ni nígbà náà, kì í ṣe ọkọ̀ àtijọ́. Páàtì rẹ̀ wà ní ilé ìtajà, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n wà ní gbogbo àdúgbò, ọkọ̀ tó kù lójú ọ̀nà kò sì yára jù ú lọ púpọ̀. Bàbá tó gbé Ìjàpá ní 1978 kò gbé ohun ìrántí. Ọkọ̀ iṣẹ́ ló gbé.

Èkejì: "Ọkọ̀ tí a kò bá wà yóò bàjẹ́." Èyí náà jóòótọ́, mo sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Epo tó bá pẹ́ nínú kábúrétọ̀ máa ń gbẹ, á fi nǹkan bí oje sílẹ̀ nínú ihò tóóró. Bátìrì á kú, rọ́bà á gan. Omi ìjánu máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ó sì dára kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Táyà náà ń dàgbà bí ẹyín rẹ̀ tilẹ̀ ṣì wà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àkọlé DOT lára rẹ̀: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018. Nítorí náà, n kò ní kí ẹ ra ọkọ̀ kejì kí ẹ wá da aṣọ bo àkọ́kọ́ títí láé. Ẹ máa gbé e jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ó kéré tán, kí ẹ wà á tó ìdajì wákàtí, kí ọ́ìlì gbóná dáadáa kí ẹ tó gbé e wọlé. Aṣọ ìmúròde tí kò ròde rí, oúnjẹ kòkòrò ni.

Ẹ̀kẹta, òun ló lágbára jù: owó. Láti ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọkọ̀ kan gan-an ti tó ẹrù. Ọdún náà ni owó ìdójútòfò tí òfin kàn nípá fún ọkọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan kúrò ní ₦5,000 bọ́ sí ₦15,000 lọ́dún. Èsì mi ni pé ẹnìkan kì í wa ọkọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà epo kò di ìlọ́po méjì. Ìwé ọkọ̀ àti ìdójútòfò ló di méjì. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ọjọ́ kan tí ẹ kò dé ibi iṣẹ́ yóò ná yín, tàbí owó ẹ́ńjìnnì tó jóná torí pé ẹ ní ẹ óò fà á délé.

Bí owó bá tó ọkọ̀ kan ṣoṣo ńkọ́? Ọkọ̀ iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn gbọ́ lẹ́tí ẹni tó ti rí Ìjàpá aláwọ̀ ojú ọ̀run kan níbìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ní ọkọ̀ àtijọ́ nílẹ̀, tí kò sì sí owó fún òmíràn, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì tàbí ọ̀kadà jẹ́ èkejì yín fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí mo ń wá kì í ṣe ìwé ọkọ̀ méjì lórúkọ yín, ọ̀nà mìíràn láti dé ibi iṣẹ́ ni.

Irú èyí tó yẹ kó jẹ́ èkejì

Ibí ni mo ti padà sórí tòkunbọ̀. Ọkọ̀ kejì kò nílò ẹwà kankan. Ẹ wá èyí tí páàtì rẹ̀ wà ní gbogbo ìlú, tí mẹkáníìkì tó wà nítòsí yín ti tú rí, tí àmúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ pé fún gbogbo èrò. Corolla tó ti pẹ́ díẹ̀ máa ń ní gbogbo èyí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, torí àwọn kan ti ní ìjàǹbá kí wọ́n tó la òkun kọjá. Ẹ rí i pé búùtù rẹ̀ gba nǹkan. Ní ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá bá wà nílẹ̀, Corolla yìí ni yóò gbé orí ẹ́ńjìnnì náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa gún un, òun ni yóò sì lọ Ládìípọ̀ lọ wá páàtì. Ẹni tó ní Ìjàpá nìkan, orí ọ̀kadà ni yóò gbé orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lé.

Ìdánrawò

Gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹ̀kọ́ wa, mo fi iṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ni mo dìídì fún.

1. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ náà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá sílẹ̀, gbólóhùn kan fún ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ lo *fi* tàbí *gbé … jáde*, èyíkéyìí tó bá jẹ́ òótọ́. Èwo ló pọ̀ jù?

2. Ẹ fi *gbọ́dọ̀* kún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbà á láìyí ìtúmọ̀ padà, ẹ fàlà sí i nídìí. Gbogbo ìrìn tí ẹ fàlà sí nídìí, iṣẹ́ ọkọ̀ kejì ni.

3. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ọ̀la, kí ni gbólóhùn tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín? Bó bá jẹ́ "Ẹ fara balẹ̀ ṣe é," ẹ ti yege. Bó bá jẹ́ "Ẹ ṣì bá mi mánéèjì ẹ̀," ẹ má tíì ra ọ̀dà tuntun fún Ìjàpá. Ẹ kọ́kọ́ wá tòkunbọ̀ lọ.